Gààrí tó ń wú, olú tí kì í ṣe ewéko, ewédú tó jẹ́ ẹbí kòkó: ìbéèrè báyọ́lọ́jì SS1

Ìyá Ìbejì kọ:

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé yìí. Àwọn ìbejì mi ti wọ SS1, báyọ́lọ́jì ló sì ń yọ wọ́n lẹ́nu jù. Wọ́n kàn ń há a sórí ni. Lálẹ́ àná, mo ní kí Táyé sọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín sẹ́ẹ̀lì ewéko àti sẹ́ẹ̀lì ẹranko fún mi. Ó kà á láìdánu dúró: ewéko ní ògiri sẹ́ẹ̀lì, ó ní chloroplast (ibi tó ti ń fi oòrùn se oúnjẹ), ó ní vacuole ńlá (àpò omi inú sẹ́ẹ̀lì). Mo bi í pé iṣẹ́ wo wá ni ògiri yẹn ń ṣe, ó dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló ń fa àríyànjiyàn nílé wa báyìí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa dá sí i. Kẹ́hìndé ní gààrí tó ń wú nínú omi ni osmosis, Táyé ní kò rí bẹ́ẹ̀. Èkejì, ìwé wọn ní olú kì í ṣe ewéko. Èmi tí mo ti ń wá olú kiri oko bàbá mi láti kékeré ò mọ ohun tí mo lè sọ sí i. Ẹ̀kẹta ni kingdom, phylum, class, order, family, genus, species, ìpele méje tí wọ́n fi ń pín ohun abẹ̀mí: kí la fẹ́ fi gbogbo ẹ̀ ṣe? Mi ò fẹ́ kí wọ́n há a, kí wọ́n kọ ìdánwò, kó sì tán síbẹ̀.

Tíṣà Àgbà kọ:

Ẹ kú iṣẹ́ òbí, mà. Ẹ jẹ́ kí n mú ti gààrí ná, torí ọdọọdún ni wọ́n ń bi mí ní kíláàsì.

Táyé ló jàre. Osmosis kò lè wáyé láìsí awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń ṣa ohun tó máa gba ara rẹ̀ kọjá. Irú awọ bẹ́ẹ̀ ló yí sẹ́ẹ̀lì ká: omi ráyè gbabẹ̀, ṣúgà àti iyọ̀ kò ráyè bẹ́ẹ̀. Bí ṣúgà tàbí iyọ̀ bá pọ̀ nínú omi ẹ̀gbẹ́ kan ju ti ẹ̀gbẹ́ kejì lọ, omi á máa gba inú awọ náà lọ sí ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n ti pọ̀. Ẹ wá wo ohun tójú ẹ̀gẹ́ rí kó tó di gààrí. Wọ́n rin ín, wọ́n rọ ọ́ sínú àpò kó lè kan, wọ́n gbé òkúta lé e kí omi rẹ̀ lè ro dànù, wọ́n sì tún yan án nínú agbada gbígbóná. Awọ sẹ́ẹ̀lì kan ò lè wà láàyè mọ́ lẹ́yìn gbogbo ìyẹn. Sítáàṣì àti fọ́nrán inú gààrí fúnra wọn ló ń fa omi mu. Imbibition ni wọ́n ń pè é nínú sílébọ́ọ̀sì, ìdánwò sì fẹ́ràn láti bi ọmọ ní ìyàtọ̀ méjèèjì.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kí wọ́n fojú rí osmosis gan-an, ẹ ra iṣu. Ẹ gé e sí ọ̀nà mẹ́ta, ẹ bó èèpo rẹ̀, ẹ gbẹ́ ihò sórí ìkọ̀ọ̀kan, kí ihò náà jìn díẹ̀. Ẹ bọ ẹyọ kan nínú wọn kó jinná. Ẹ wá to mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú abọ́ tí ẹ bu omi díẹ̀ sí, kí omi má bò wọ́n lórí. Ẹ rọ ṣúgà sínú ihò iṣu tútù kan, ẹ rọ ọ́ sínú ihò iṣu tí ẹ bọ̀, ẹ má fi nǹkan kan sínú ìkẹta. Kí wọ́n fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n bá rí sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ṣàlàyé fún wọn.

Bàbá Àgbẹ̀ kọ:

Ẹ kú àlàyé, Tíṣà. Nǹkan kan wà tá a máa ń rí lóko. Bí ọmọ iṣẹ́ bá da ajílẹ̀ òyìnbó púpọ̀ jù sídìí àgbàdo, tí òjò ò sì tètè rọ̀, ewé rẹ̀ á rọ, etí ewé á bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ tutù. Àwa máa ń ní ajílẹ̀ jó o. Ṣé ohun tí ẹ ń sọ yìí náà ni?

Tíṣà Àgbà kọ:

Òun gan-an ni, sà. Iyọ̀ ni ajílẹ̀ òyìnbó. Tó bá ti yọ́ sínú omi ilẹ̀, iyọ̀ ibẹ̀ á pọ̀ ju ti inú gbòǹgbò lọ. Kàkà kí omi máa wọlé sínú gbòǹgbò, ó ń jáde ni. Ohun tó ṣe é tí àgbàdo fi ń rọ lórí ilẹ̀ tútù nìyẹn. Bẹ́ ẹ bá tètè bomi rin ín dáadáa, iyọ̀ yẹn á fọ́n ká, ó sì lè yè é.

Ìyá Ìbejì kọ:

A ti ṣe ti iṣu o. Ihò iṣu tútù tá a fi ṣúgà sí ti kún fún omi dẹ́nu, ṣúgà ti yọ́ sínú rẹ̀. Èyí tá ò fi nǹkan sí gbẹ bó ṣe wà. Nínú èyí tá a bọ̀, ṣúgà kàn rin lásán ni, omi kankan ò gòkè. Kẹ́hìndé ti gbà, torí òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé iná ti pa awọ tó yẹ kó ṣiṣẹ́ nínú èyí tá a bọ̀. Àmọ́ ó fọwọ́ kan ara ihò tó kún fómi, ó ní ó ti rọ̀ kọ̀jọ̀kọ̀jọ̀, kò le bíi tàná. Kí ló fà á?

Tíṣà Àgbà kọ:

Ọmọ yẹn lójú inú. Ẹ bá mi kí i gidigidi.

Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó fara kan ṣúgà ló kọ́kọ́ pàdánù omi wọn. Nígbà tí omi kún inú vacuole, vacuole wú, ó ń ti ògiri sẹ́ẹ̀lì láti inú, ògiri náà kò sì gbà fún un láti bẹ́. Títì-padà-títì yẹn ló ń mú kí iṣu tútù le, kí ewé dúró ṣánṣán, kí ẹ̀fọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ já máa dún nígbà tí ẹ bá ṣẹ́ ẹ. Tí omi bá ti jáde, kò sí ohun tó ń ti ògiri mọ́, sẹ́ẹ̀lì á rọ̀. Iṣẹ́ ògiri nìyẹn, kí Táyé náà gbọ́.

Nígbà tí Robert Hooke gé kọ́ọ̀kì pẹlẹbẹ sábẹ́ máíkírósíkóòpù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó sì tẹ àwòrán rẹ̀ jáde ní 1665, ògiri nìkan ló rí. Ohun tó wà láàyè nínú rẹ̀ ti kú, ó ti gbẹ dànù, ògiri ṣì dúró. Àwọn ará Jámánì méjì, Schleiden ní 1838 àti Schwann ní 1839, ló wá sọ ọ́ di mímọ̀ pé sẹ́ẹ̀lì ni gbogbo ewéko àti ẹranko fi ṣe ara.

Lábù Ọ̀ṣogbo kọ:

Kí n fi ti ẹ̀jẹ̀ kún un, torí iṣẹ́ mi ni. Sẹ́ẹ̀lì ẹranko kò ní ògiri. Bí mo bá kán ẹ̀jẹ̀ sínú omi lásán, omi á rọ́ wọnú sẹ́ẹ̀lì pupa, wọ́n á wú, wọ́n á sì bẹ́. Ẹ ó rí i pé omi tó dúdú díẹ̀ tẹ́lẹ̀ á mọ́ gaara, á kàn pupa ni. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í fa omi lásán sí aláìsàn lára. Omi iyọ̀ tí wọ́n ń fà sí wọn lára ní ọsibítù ní iyọ̀ gíráàmù 9 nínú lítà kan, kó lè bá ti inú ẹ̀jẹ̀ dọ́gba.

Ayọ̀ SS2 kọ:

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin àgbà. Ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè ti olú ńkọ́? Ìyá àgbà mi ò gbà rárá. Wọ́n ní ohun tó ń hù láti inú ilẹ̀, tí kò lẹ́sẹ̀, tí kò lójú, ewéko ni. Mo sọ fún wọn pé kò ní chlorophyll, wọ́n ní ṣé torí pé àwọ̀ ewé ò sí lára ẹ̀ nìkan ni.

Lábù Ọ̀ṣogbo kọ:

Ayọ̀, bá mi kí màmá. Ìbéèrè wọn dáa, torí àìní chlorophyll nìkan kò tó láti fi lé olú kúrò láàárín ewéko. Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe ń jẹun. Ewéko ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn, omi àti afẹ́fẹ́ carbon dioxide se oúnjẹ ara rẹ̀. Ẹran ń jẹ ẹ́ ní ẹnu, inú rẹ̀ ló sì ti ń dà á. Olú kò ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Fọ́nrán funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lábẹ́ igi jíjẹrà, èyí tá a máa ń rí tá a bá ṣí èèpo igi náà, òun gan-an ni ara olú. Ó ń da oje jáde sára igi, oje yẹn á da igi náà níta, fọ́nrán á sì fa oúnjẹ tó ti dà sínú. Èyí tí a ń já sínú agbọ̀n wá sílé, apá tó ń fọ́n irúgbìn rẹ̀ ká ni.

Ògiri sẹ́ẹ̀lì wà lára olú lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe cellulose bíi ti ewéko. Chitin ni, ohun kan náà tó wà nínú karawun akàn àti èèpo líle ara kòkòrò. Oúnjẹ tí ewéko ń fi pa mọ́, sítáàṣì ni. Glycogen ni ti olú, bíi tiwa tó wà nínú ẹ̀dọ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ wá yẹ DNA wọn (ohun inú sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé àbùdá láti ọ̀dọ̀ òbí sí ọmọ) wò, wọ́n rí i pé olú sún mọ́ ẹranko ju bó ṣe sún mọ́ ewéko lọ. R. H. Whittaker, ará Amẹ́ríkà, ti yà wọ́n sọ́tọ̀ sí kingdom tiwọn ní 1969, nígbà tó pín ohun abẹ̀mí sí márùn-ún. Márùn-ún yẹn náà ló ṣì wà nínú ọ̀pọ̀ ìwé yín.

Ohun tí mo fẹ́ kí o mú lọ bá màmá ni pé làpálàpá tó ń mú ọmọdé lórí wà nínú kingdom olú. Ìwúkàrà tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì náà wà níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì ẹyọ kan ṣoṣo ni. Bẹ́ẹ̀ làpálàpá ò hù nínú ilẹ̀. Olú tó máa ń yọ lórí ọ̀gán, ikán ló ń sìn ín: wọ́n ń ru ewé gbígbẹ wọlé, olú ń bá wọn dà á, wọ́n ń jẹ nínú rẹ̀. Ikán ti ń dáko kí àwa tó bẹ̀rẹ̀.

Bàbá Àgbẹ̀ kọ:

Ti ikán yìí dùn mọ́ mi nínú. Abájọ tí irú olú yẹn kì í fi í yọ níbi tí kò bá sí ọ̀gán, bó ṣe wù kí òjò rọ̀ tó.

Ọmọ Eléwé-Ọmọ kọ:

Ẹ má bínú o, mo fẹ́ sọ tèmi. Ọjà ewé ni màmá mi fi tọ́ wa. Ètò wà nínú ìsọ̀ wọn: ewé tó wà fún ibà wà lọ́tọ̀, ti inú rírun wà lọ́tọ̀, egbò wà lọ́tọ̀, èèpo wà lọ́tọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá dé, kíá ni wọ́n mọ ibi tí wọ́n máa nawọ́ sí. Ètò gidi nìyẹn, èmi ò sì fẹ́ kí wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ wa pé àwọn àgbà ò mọ bí a ṣe ń pín nǹkan.

Ìbéèrè mi rèé. Lójú wa, obì àti orógbó kì í jìnnà síra, wọn kì í wọ́n níbi ìsọmọlórúkọ. Ẹ̀yin onísáyẹ́ǹsì pín wọn níyà. Ewúro tí wọ́n kọ́ wa pé Vernonia amygdalina lorúkọ rẹ̀, wọ́n ní ó ti di Gymnanthemum amygdalinum. Ìrókò jẹ́ Chlorophora tẹ́lẹ̀, ó wá di Milicia. Bí orúkọ bá ń yí báyìí, kí lọmọ ń há sórí?

Tíṣà Àgbà kọ:

Ọ̀rọ̀ gidi lẹ sọ, mi ò sì ní fojú tín-ín-rín rẹ̀. Ètò ìsọ̀ màmá yín ń dáhùn ìbéèrè kan: kí lèyí wúlò fún? Ètò inú báyọ́lọ́jì ń dáhùn ìbéèrè mìíràn: ta ló bí èyí, ta ni ìbátan rẹ̀? Ìdáhùn méjèèjì kò lè jọra, kò sì yẹ kí ọ̀kan lé èkejì jáde.

Ẹ jẹ́ ká lo ohun tó wà nínú ìkòkò ọbẹ̀ wa. Ewédú, ilá, ìṣápá. Ẹ fi òwú sí i. Ẹ fi kòkó sí i, ẹ fi obì sí i, ẹ wá fi àràbà ńlá sí i. Ẹbí kan ṣoṣo ni gbogbo wọn, Malvaceae. Orógbó kò sí níbẹ̀. Garcinia kola ni, ẹbí Clusiaceae ló wà. "Kola" tó wà lára orúkọ rẹ̀ kò sọ ọ́ di ìbátan obì.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní ilá ní ẹ̀yìnkùlé, kó jáde ní àárọ̀ kó já òdòdó rẹ̀ kan. Ewé òdòdó márùn-ún, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí pupa inú ẹyin adìyẹ, ìdí rẹ̀ nínú lọ́hùn-ún pọ́n dòò. Láàárín rẹ̀, ọ̀pá kékeré kan nà sókè. Àwọn tó ń mú ìyẹ̀fun òdòdó jáde kò dá dúró lọ́kọ̀ọ̀kan bíi ti òdòdó mìíràn. Wọ́n so pọ̀ di ihò kan, ọ̀pá tó ń gba ìyẹ̀fun sì gba àárín wọn yọ lókè. Kó wá já òdòdó ìṣápá tàbí ti òwú, kó tẹ́ wọn síra. Ohun kan náà ló máa rí. Yíyọ̀ tí ilá àti ewédú ń yọ̀ náà, àbùdá ẹbí yẹn ni. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní irú oje bẹ́ẹ̀ lára.

Nípa orúkọ tó ń yí: Carl Linnaeus, ará Sweden, ló fìdí orúkọ alápá méjì múlẹ̀, ti ewéko ní 1753, ti ẹranko ní 1758. Hibiscus esculentus ló pe ilá ní 1753, torí ó rí i pé ó jọ ìṣápá. Àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò síwájú sí i, wọ́n gbé e sínú Abelmoschus. Ẹ kíyè sí i pé kò jáde nínú ẹbí, inú ẹbí náà ló ti kó lọ sí yàrá mìíràn. Ní ti ewédú, kòkó, obì àti àràbà, ẹbí mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìwé àtijọ́ kọ wọ́n sí. DNA ló kó wọn jọ, wọ́n sì tẹ ètò tuntun náà jáde ní 1998. Torí náà, ohun tí mo máa ń ní kí ọmọ há sórí kò pọ̀: ìpele méjèèje náà, àti pé bó ṣe ń lọ sílẹ̀ ni ìbátan ń sún mọ́ra. Àwọn méjì tó wà nínú genus kan náà sún mọ́ra ju àwọn méjì tó kàn jọ wà nínú order kan lọ. Obì àbàtà ni Cola acuminata, gbànja ni Cola nitida. Ẹ la wọn wò: gbànja pín sí méjì, àbàtà máa ń pín ju bẹ́ẹ̀ lọ. Genus kan, species méjì.

Tí wọ́n bá ń kọ ọ́ nínú ìdánwò, lẹ́tà ńlá ló ń bẹ̀rẹ̀ orúkọ àkọ́kọ́, lẹ́tà kékeré ló ń bẹ̀rẹ̀ èkejì, kí wọ́n sì fa ìlà sábẹ́ méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀pọ̀ máàkì ló ń ti ibẹ̀ sọnù.

Ọmọ Eléwé-Ọmọ kọ:

Tíṣà, ẹ ṣeun. Mo lọ já òdòdó ilá àti ìṣápá lóòótọ́, mo sì fi han màmá mi. Wọ́n ní àwọn ti ń tà wọ́n pa pọ̀ tipẹ́, àwọn ò mọ̀ pé ọmọ ìyá ni wọ́n.

Ìyá Ìbejì kọ:

Ẹ ò mọ bí inú mi ṣe dùn tó. Kẹ́hìndé tún ní ìbéèrè fún àǹtí tó wà ní lábù. Ṣé gbogbo sẹ́ẹ̀lì ló ní nucleus, àpò kékeré tí DNA wà nínú rẹ̀?

Lábù Ọ̀ṣogbo kọ:

Rárá, Kẹ́hìndé. Bàkítéríà kò ní, DNA rẹ̀ kàn wà láàárín sẹ́ẹ̀lì láìsí awọ tó yí i ká. Prokaryote ni wọ́n ń pe irú wọn. Àwa, ewéko, olú àti kòkòrò ibà Plasmodium jẹ́ eukaryote, sẹ́ẹ̀lì tiwa ní nucleus.

Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ wa ní nucleus nígbà tó ń dàgbà nínú mùdùnmúdùn eegun, ó máa ń tì í jáde kó tó wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ó fi àyè yẹn ru hemoglobin tó ń gbé afẹ́fẹ́ oxygen. Àmọ́ kò lè tún ara rẹ̀ ṣe mọ́, nǹkan bí ọjọ́ 120 ló máa ń lò. Lára ẹni tó jẹ́ SS (àrùn sickle cell), ẹyọ amino acid kan péré ló yàtọ̀ nínú apá kan hemoglobin, tó mú kí sẹ́ẹ̀lì náà tẹ̀ nígbà tí oxygen bá dínkù. Sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ kì í sábà lò ju ọjọ́ 10 sí 20 lọ. Ara ò lè rọ́pò wọn bó ṣe yẹ, ẹ̀jẹ̀ á máa gbẹ. Mo máa ń fẹ́ kí ọmọ SS1 mọ èyí kí ó tó dàgbà débi ìgbéyàwó, torí sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń yà sínú ìwé yẹn ló máa wà lórí èsì àyẹ̀wò wọn lọ́jọ́ iwájú.

Ayọ̀ SS2 kọ:

Àǹtí, fáírọ́ọ̀sì ńkọ́? Kingdom wo ló wà?

Lábù Ọ̀ṣogbo kọ:

Kò sí nínú márààrún. Kì í ṣe sẹ́ẹ̀lì. DNA tàbí RNA díẹ̀ ni, tí protein bò. Kò lè bí ọmọ àfi tó bá wọ inú sẹ́ẹ̀lì ẹlòmíràn, tó sì fi ohun èlò ibẹ̀ ṣe ara rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Ampiclox kò fi lè wo ọ̀fìnkìn. Irú oògùn bẹ́ẹ̀ ń ba ògiri bàkítéríà jẹ́, tiwa kò ní ògiri kó bà jẹ́, fáírọ́ọ̀sì pàápàá kò ní. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dẹ́kun rírà á lọ́wọ́ ẹni tó ń ta oògùn kiri nígbàkígbà tí imú bá ń dà.

Ayọ̀ SS2 kọ:

Ọ̀kan péré ló kù. Euglena, ohun abẹ̀mí oní-sẹ́ẹ̀lì kan tó ń gbé inú omi. Ìwé kan ní bíi ewéko ni, òmíràn ní bíi ẹranko ni.

Tíṣà Àgbà kọ:

Ayọ̀, kọ ọ́ sínú Protista, ọ̀kan nínú kingdom márùn-ún yẹn. Ó ní chloroplast, ó ń fi oòrùn se oúnjẹ tí ìmọ́lẹ̀ bá wà. Kò ní ògiri sẹ́ẹ̀lì, ó ní flagellum tó fi ń wẹ̀, ó sì lè fa oúnjẹ tó ti wà nínú omi mu nínú òkùnkùn. Bí wọ́n bá ní kí o fi í wé ewéko àti ẹranko, kọ àbùdá méjèèjì, má dá ẹjọ́. Bí wọ́n bá ní kí o yà á, rántí ojú pupa kékeré tó wà nítòsí ìdí flagellum yẹn, òun ló ń bá a mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá. Àwọn ọmọ máa ń gbàgbé rẹ̀.